Oyún pé ọ̀sẹ̀ 32, ìyàwó mi ò rí oorun sùn. Ibo sì ni ìkókó fúnra rẹ̀ yóò sùn?

Bàbá_Ìkókó_Adátán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Àkọ́bí wa là ń retí. Ìyàwó mi máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru: bí kì í bá ṣe ìtọ̀, á jẹ́ àyà tó ń ta á, tàbí kí pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló gbọ́dọ̀ fi sùn, àwọn kan ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Èwo ni ká gbà?

Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé, bẹ́ẹ̀dì kan, páànù lórí wa, ooru sì ń mú. Káfíńtà kan fẹ́ bá wa kan ibùsùn ọmọ, ó ní ká mú ìwọ̀n wá. Ìwọ̀n wo? Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ wá wẹ ọmọ. Wọ́n ti ní ọmọ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, pé bó bá bi ọmú, á há a lọ́fun. Wọ́n tún ní àgbo kan wà, bí ọmọ bá mu ún, á sùn dàárọ̀. Báwo la ṣe fẹ́ bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní jọ àfojúdi?

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí èmi náà lè ṣe fún mi.

Agbẹ̀bí_Òkè_Ìlèwó

Bàbá ọmọ, ẹ kú ìfojúsọ́nà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìyá ná, àwọn yòókù á mú ti ọmọ.

Ẹ̀gbẹ́ ni kó fi lélẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 28 títí dọjọ́ ìbí, òsì tàbí ọ̀tún, ìbáà ṣe oorun òru tàbí ti ọ̀sán. Ẹ̀yìn là ń sá fún. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́yìn, ọmọ, omi àti olóbi á fi gbogbo ìwúwo wọn tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè láti ẹsẹ̀ àti ìbàdí, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ á sì dín kù. Ìwádìí ti rí i pé ọmọ máa ń kú sínú lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀yìn sùn lóṣù mẹ́ta ìkẹyìn ju lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn lọ. Kì í ṣe pé kó wá máa ṣọ́ ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ o. Ipò tó fi sùn lọ ló jà jù. Bó bá ta jí tó rí i pé òun ti yí sẹ́yìn, kó yí padà sí ẹ̀gbẹ́, kó máa bá oorun rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sí orúnkún nìkan, ọrùn ẹsẹ̀ á wá rọ̀ sílẹ̀, ìbàdí á lọ́, wọ́n á jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Èkejì, kó tín-ín-rín, lábẹ́ ikùn. Ẹ̀kẹta lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan, kó má lè yí dànù. Ẹ ò nílò ìrọ̀rí gbọọrọ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi yẹn. Ìró méjì tí a ká, tí a fi okùn di lórí nídìí, tó.

Ti àyà títa: kó jẹun alẹ́ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó sùn. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbá ò fi làfún ṣeré, ṣùgbọ́n làfún aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ olóróró àti ata wẹ́wẹ́, ọ̀fun ló ń padà sí. Ẹ má to ìrọ̀rí jọ sábẹ́ orí rẹ̀, torí ńṣe nìyẹn ń ká ikùn jọ tí omi kíkan á túbọ̀ máa gòkè. Bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé sókè lápá orí: búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà, tí ẹ dà dé pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjì ti apá orí. Sẹ̀ǹtímítà 15 nìyẹn. Ẹ mì ín wò dáadáa kó tó gùn ún. Fún ẹni tí àyà ń ta, òsì sàn ju ọ̀tún lọ, torí apá òsì ni àpò oúnjẹ wà.

Ìtọ̀: kò gbọdọ̀ fi òùngbẹ jẹ ara rẹ̀ níyà. Kó mu omi púpọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó dín in kù ní wákàtí méjì sí àkókò oorun, kó tọ̀, kó dúró díẹ̀, kó tún tọ̀ kó tó sùn. Bí ìtọ̀ bá ń ta á, tàbí ibà bá bá a wá, àyẹ̀wò ni kó lọ ṣe.

Pajápajá: kó na ẹsẹ̀ náà tán, kó fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó ti gìgísẹ̀ síwájú. Bó bá na ọmọ ìka síwájú, á túbọ̀ mú un. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún láìdábọ̀, ìyẹn kì í ṣe pajápajá, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀; ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń rìn ín bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ, tí kò lè gbé e síbì kan, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò bóyá irin ló dín kù. Kó má fi tíì lé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ o, torí tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara.

Obì, kọfí, tíì, àwọn ohun mímu agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára: káfíìnì ló wà nínú gbogbo wọn. Aláboyún ò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 200 lóòjọ́. Kó fi wọ́n mọ sí ọ̀sán.

Àìsùn tí kì í ṣe ti oyún lásán ni èyí: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ru dé 140/90, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń yún un lóru láìsí èélá, ọmọ tí kò yí bó ṣe máa ń yí. Ẹ má sọ pé ó di ọjọ́ àyẹ̀wò. Òru náà ni.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ọwọ́

Ẹ bá mi kí Màmá. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, ṣùgbọ́n òdì kejì rẹ̀ ló rí. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn ara yín: gògóńgò tí ẹ bà níwájú yẹn, ọ̀nà èémí ni. Ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí á wà lókè, ti oúnjẹ á wà nísàlẹ̀. Ọmú tó bá padà wá ní láti gun òkè kó tó lè wọ ibi èémí. Kó tó débẹ̀, ọmọ á ti gbé e mì tàbí kó wúkọ́. Bó bá fi inú lélẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ á wà lókè, ohun tó bá bì á máa sàn lọ sẹ́nu ọ̀nà èémí. Imú rẹ̀ á tún rì sínú fóòmù, á máa fa afẹ́fẹ́ àlòkù tí òun fúnra rẹ̀ mí síta. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 1992 pé kí wọ́n má fi inú ọmọ lélẹ̀ sùn mọ́. Ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ikú òjijì ojú oorun láàárín ọmọ ọwọ́ níbẹ̀ sì fi ju ìdajì lọ dín kù. Ẹ̀yìn ni, oorun ọ̀sán, oorun òru, títí á fi pé ọdún kan. Ẹ̀gbẹ́ ò dáa, torí ó rọrùn kó ti ẹ̀gbẹ́ dojú dé. Bó bá ti lè yí padà fúnra rẹ̀ lọ-bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe yí.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún Màmá: ẹ má bá wọn jiyàn nílé. Bí wọ́n bá tètè dé, ẹ mú wọn dání lọ sí kíníìkì ìyàwó yín, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gbẹ̀bí. Kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn pátápátá: bí ọmọ bá wà lójú, kí wọ́n máa da inú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní tàbí lórí àyà wọn, ìṣẹ́jú 3 sí 5, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọrùn rẹ̀ á le, orí rẹ̀ ò sì ní pẹlẹbẹ.

Ibùsùn. Ẹ ra fóòmù kí káfíńtà tó gé igi kankan, torí fóòmù ní ìwọ̀n tó ń bá wá, igi ló lè tẹ̀ lé e. Kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kó le. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò: bí ojú ọwọ́ yín bá ṣì hàn níbẹ̀, ẹ má rà á. Igi ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, àlàfo wọn kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kò gbọdọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Láti ojú fóòmù dé orí igi òkè, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 50. Ìka méjì kò gbọdọ̀ ráyè wọ àárín fóòmù àti igi, torí ibẹ̀ ni ojú ọmọ ń há sí. Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, wọ́n á gbẹ́ òdòdó àti ọkàn sí apá orí. Ẹ ní ẹ ò fẹ́, ihò yẹn lè há ọmọ lórí. Súkúrù ni kó lò, kì í ṣe ìṣó. Ìṣó máa ń tú. Kó kun ún tán ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí òórùn fáníìṣì ti lọ pátá kí ọmọ tó dé.

Ohun tó ń lọ sínú rẹ̀: fóòmù, aṣọ kan, ọmọ. Ó parí. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò sí bèbí, kò sí tìmùtìmù yí ẹ̀gbẹ́ ká. Ìró òwú tó ti gbó ló dára jù fún aṣọ: ẹ tẹ́ ẹ kó le bí awọ ìlù, ẹ ta etí rẹ̀ ní kókó sábẹ́ fóòmù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ àdìrẹ tuntun láti Ìtòkú lẹ fẹ́ tẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, torí sódà tí wọ́n fi rẹ aró lè wà lára rẹ̀, á sì bó ọmọ lára. Òǹdè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: ẹ bọ́ ọ kó tó sùn. Okùn lọ́rùn ọmọ tó ń sùn kò dáa, ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn.

Ọmọ_Abẹ́_Olúmọ

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ń bá wa kọ́ ilé sínú ilé. Ta ló ní àyè ibùsùn méjì nínú yàrá kan? Ẹ̀gbẹ́ ìyá lọmọ ń sùn látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àti pé, bí ẹ ò bá fi fìlà dé e lórí, otútù á gba àwùjẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ọwọ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àyè yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó dára jù ni kí ọmọ wà nínú yàrá yín fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, lórí ibùsùn tirẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìyá tó o. Bí àyè ò bá sí rárá, ẹ tẹ́ fóòmù líle sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí ọmọ bá máa sùn ti ìyá rẹ̀, ó ní ìgbà tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ rárá: bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń fa sìgá, bó bá mu ọtí tàbí oògùn tó ń kunni, bí wọ́n bá bí ọmọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 2.5. Lórí àga pálọ̀ sì rèé, ẹ má ṣe é láé, èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lórí àga lóru, tó ti ń tòògbé, bẹ́ẹ̀dì sàn fún un ju àga lọ. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọ̀nyẹn, ẹ fi ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, kì í ṣe àárín bàbá àti ìyá, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àlàfo wà. Ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora kúrò lágbègbè orí rẹ̀.

Ti fìlà: orí ni ọmọ ọwọ́ ti ń tú ooru jáde jù. Ẹ dé e fún un ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí tàbí bẹ́ ẹ bá ń gbé e jáde nígbà ọyẹ́. Nínú yàrá tí páànù wà lórí rẹ̀, ẹ ṣí i. Ooru jíjù wà lára ohun tó ń fa ikú ojú oorun. Ẹ̀yìn ọrùn tàbí àyà ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Bó bá làágùn, ẹ bọ́ ìpele aṣọ kan. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù ò sọ nǹkan kan.

Ẹlẹ́rọ_Láfẹ́ńwá

Mo fẹ́ mú ti jẹnẹrétọ̀. Gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀, carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í jí ẹni tó ti sùn. Kó jìnnà tó mítà 6 sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn èyíkéyìí, kí ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde kọjú síta. Kọ́rídọ̀ ńkọ́? Rárá. Báńkóní? Rárá. Ti aládùúgbò tó wà lábẹ́ fèrèsé yín náà wà nínú rẹ̀, ẹ lọ bá a sọ ọ́ kí ọmọ tó dé. Bákan náà ni kóòkù eléèédú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́.

Fáànù dára, ṣùgbọ́n ẹ kọjú ẹ̀ sí ògiri kí atẹ́gùn fi ara gbá ibẹ̀ padà. Àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun, ẹ sá a síbi òjìji fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó so ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ta ojú àti awọ. Ẹ tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù yíká. Òògùn ẹ̀fọn eléèéfín, ẹ má tàn án sínú yàrá ọmọ.

Ìyá_Wẹ́rẹ́

Ẹ ti mú ibùsùn dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú oorun fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àgbo ti ń wọlé.

Ọmọ tuntun ń sùn wákàtí 14 sí 17 nínú wákàtí 24, ṣùgbọ́n ní ẹyọ-ẹyọ, wákàtí méjì sí mẹ́rin. Kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, inú rẹ̀ kò sì gba oúnjẹ alẹ́ kan mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ló ń mu ọmú lóòjọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì tó bá sùn dàárọ̀, àyẹ̀wò ló ń fẹ́. Títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi padà sí ti ọjọ́ ìbí, bí ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá ti pé wákàtí mẹ́ta tí kò mu ọmú, ẹ jí i: ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ nápíkìn. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kó tọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Bí ẹ bá jí i jí i tí kò dìde, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, tí kò fa ọmú mọ́, ilé ìwòsàn, kíá. Ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tó wà ní Ìjayè àti èyí tó wà ní Ìdí-Àbà sínú òru, kí ẹ sì ní nọ́ńbà onímọ́tò kan tí kì í pa fóònù.

Ohun kan tó ń tan àwọn òbí tuntun jẹ ni ariwo ojú oorun. Ọmọ á kùn, á fapá, á rẹ́rìn-ín, á fajú ro, á tún sunkún ẹyọ kan, ojú rẹ̀ ò sì là. Bẹ́ ẹ bá gbé e lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin lẹ jí i. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan. Èémí tó dá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 tó tún bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Bó bá tó 20, tàbí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ gbé e dìde, ẹ ta á jí, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Láti kọ́ ọ ní òru: lọ́sàn-án, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ má dákẹ́ nítorí rẹ̀. Lóru, iná ràndànràndàn, kò sí eré, nápíkìn kò yí bí kò bá ṣu. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Àgbo, gripe water, oògùn ìkọ́ tó ń kun ọmọ lóorun: kò sí ọ̀kan tó yẹ kó débẹ̀. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, omi pàápàá kò sí níbẹ̀. Promethazine, oògùn tó ń kunni lóorun tó máa ń wà nínú oògùn ìkọ́, ò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá, ó lè dá èémí dúró. Ẹ rántí oògùn eyín ọdún 2008 tó ní diethylene glycol, kẹ́míkà olóró, nínú: ọmọ tó bá a lọ ní Nàìjíríà lé ní 80, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló sì ṣe é. Ti inú ìkòkò tí kò ní ìwọ̀n wá ńkọ́? Róòbù níhò imú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè dí ọmọ kékeré léèémí. Omi oníyọ̀ tí wọ́n ń tà fún imú, kíkán kan sí méjì, ló ń tú ọ̀fìnkìn.

Bàbá, iṣẹ́ yín rèé. Bí ìyàwó yín bá fún ọmọ lọ́mú ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó sùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ẹ gba ọmọ, ẹ mú un gùnfẹ̀, ẹ gbé e títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ẹ gbé e fún un, ẹ pààrọ̀ nápíkìn, ẹ tẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá sùn dé aago márùn-ún. Ti aago méjì jẹ́ ti ìyá rẹ̀ nìkan. Kí ẹ tó jáde, ọmọ á mu ti ìdájí, Màmá á gbà á, ìyá ọmọ á tún sùn dé aago mẹ́jọ. Ẹ̀rín àwọn àlejò ìkómọ, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

Kẹ́ ẹ máa wo ìyá náà. Ẹkún lọ́jọ́ kẹta ìkẹrin wọ́pọ̀, ó máa ń lọ. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí kò lè sùn nígbà tí ọmọ ń sùn tí ẹlòmíì sì ń tọ́jú rẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára, ọjọ́ náà ni. Àwọn ará ìlú ń fi orúkọ Àró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, bú ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo irú àìsàn yìí níbẹ̀, ó sì ń san.

Bàbá_Ìkókó_Adátán

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ìbéèrè kan ló kù: a ti kó aṣọ ọmọ sínú àpótí, a da káńfọ̀ sí i nítorí aáyán. Ṣé kò ní dí i lójú oorun?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ_Ọwọ́

Ẹ kó o jáde lónìí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní èròjà G6PD tó, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, ọmọkùnrin pàápàá. Òórùn káńfọ̀ tí wọ́n ń fà símú, tàbí tó ń gba awọ wọlé, á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà pọ́njú á gòkè, bó bá sì dé ọpọlọ, etí lè di, ọrùn àti apá lè má ṣe é darí mọ́. Ẹ fọ gbogbo aṣọ náà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ tún un fọ̀ títí òórùn náà á fi lọ, kẹ́ ẹ wá kó o sínú ike olómọrí. Bí ojú tàbí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá pupa rúsúrúsú, tàbí tí ibà pọ́njú náà bá yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má sá a sí oòrùn àárọ̀, kì í wò ó sàn. Ilé ìwòsàn tó ní iná aláwọ̀ búlúù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé káńfọ̀ wà nínú aṣọ rẹ̀.